Ẹ jọ̀ọ́, báwo làwa obìnrin àdúgbò ṣe lè ṣe ìwádìí yìí fúnra wa?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Àwa ìyá ọlọ́mọ kan ní Bàrígà níbí fẹ́ máa bi àwọn aboyún léèrè ìdí tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, tó bá wá dọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò lọ. WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní ó kéré tán kí aboyún rí elétò ìlera ní ìgbà 8, àmọ́ ẹlòmíì níbí ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì máa ń jágbe mọ́ àwọn, èmi ò gbà pé àìmọ̀kan ni rárá. Ìyá kan fi káàdì ẹ̀ hàn mí, ó fi náílọ́ọ̀nù wé e dáadáa, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀.

Ṣé dandan ni ká gbàṣẹ ká tó bẹ̀rẹ̀, àbí àwọn yunifásítì nìkan nìyẹn kàn? NIMR, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìṣègùn, wà ní Yábàá, ṣé wọ́n máa dá wa lóhùn tá a bá lọ? Báwo la ṣe máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ tí orúkọ ẹnì kankan ò ní hàn? Báwo sì lèèyàn ṣe ń bi obìnrin tọ́mọ ẹ̀ kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ léèrè láì fọwọ́ ba ojú egbò ẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ̀rọ̀, àwọn ìyá agbẹ̀bí náà ti ní àwọn á bá wa jókòó.