Ojú-ewé Wikipedia àwọn ilé iṣẹ́ private equity: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Mọ́lípa, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo mọ̀ pé a pọ̀ díẹ̀ níbí tá a máa ń tún Wikipedia ṣe láìgba kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kẹ́yin náà wá máa gbè é.

Àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ private equity kan l'Ékòó, mi ò ní dárúkọ wọn. Ó wálé fún Ojúde Ọba, aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, èmi rò pé a fẹ́ jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ni, ló bá fa fóònù yọ, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan tí wọ́n kọ nípa wa lórí Wikipedia, ẹ bá mi pa á rẹ́."

Fún ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ wọn: wọ́n á kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, àwọn olówó ńlá, wọ́n á fi ra ilé iṣẹ́ ẹlòmíì, nígbà míì wọ́n á tún yáwó kún un, wọ́n á tún ibẹ̀ tò, tó bá di bí ọdún márùn-ún sí méje wọ́n á tà á kí wọ́n jèrè. Òwò ni, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa bínú sí ìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í sábà tẹ ìṣirò owó wọn síta bíi ti báńkì, torí náà ohun téèyàn á rí kà nípa wọn, àwọn fúnra wọn ló sábà máa ń sọ ọ́, tàbí ẹni tínú ń bí sí wọn.

Mo bá jókòó, mo ka ojú-ewé náà látòkè délẹ̀. Lókè, "aṣáájú tí kò lẹ́gbẹ́ nínú ìdókòwò ní Áfíríkà", kò sí ìwé ìròyìn kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, ó hàn gbangba pé ọmọ iṣẹ́ wọn kan ló lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Iye owó tí wọ́n ní àwọn ń bójú tó, kò sí ọdún lára ẹ̀, wẹ́bsáìtì tiwọn ni wọ́n sì ti mú un. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tà tipẹ́, ojú-ewé ṣì ń sọ pé tiwọn ni. Wá débi ìsàlẹ̀, háà! Àkọlé gàdàgbà, "Ìwà jìbìtì", ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ gùn ju gbogbo ìyókù lọ, búlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá, lórí fáktọ́rì kan tí wọ́n rà tí wọ́n wá dá òṣìṣẹ́ dúró ńbẹ̀. Mo wá ìwé ìròyìn gidi lọ. Kí ni wọ́n sọ? Pé wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró lóòótọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn jókòó, pé ilé iṣẹ́ náà fèsì. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní jìbìtì. Ojú-ewé kan ṣoṣo, ọ̀kan ń kì wọ́n lókè, ọ̀kan ń bú wọn nísàlẹ̀.

Mo ní mi ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní ẹnì kan tiẹ̀ ti kọ ímeèlì sáwọn pé ọ̀gá ni òun ní Wikipedia, káwọn san dọ́là, òun á tún un ṣe, òun á sì máa bá wọn ṣọ́ ọ lóṣooṣù. Mo pariwo, mo ní Orangemoody nìyẹn! Lọ́dún 2015 làṣírí ìyẹn tú, àkáǹtì 381 ni wọ́n tì pa lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń lò ó á lọ bá ilé iṣẹ́ tí Wikipedia ti kọ ojú-ewé wọn sílẹ̀, wọ́n á gbowó kí wọ́n tó gbé e jáde, tó bá yá wọ́n á tún wá gba owó ààbò. Ní 2013 náà wọ́n ti lé Wiki-PR dànù, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi òkìtì àkáǹtì kọ ojú-ewé fáwọn tó bá sanwó. Kò sí ọ̀gá Wikipedia kankan tó ń gbowó kiri, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ yín lówó.

Ohun tí mo ní kó ṣe rèé. Kó ṣí àkáǹtì, kó má fi orúkọ ilé iṣẹ́ ṣí i torí ti ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó kọ ọ́ síta pé òṣìṣẹ́ wọn lòun, láti 2014 ni òfin wọn ti sọ ìyẹn di dandan fún ẹni tí wọ́n bá ń sanwó fún. Kó má fọwọ́ kan ojú-ewé yẹn fúnra ẹ̀ rárá, kó lọ sí ojú-ewé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi táwọn tó ń tún un ṣe ti máa ń jíròrò, kó sọ pé gbólóhùn báyìí wà ńbẹ̀, báyìí ló yẹ kó jẹ́, ìwé ìròyìn tó sọ bẹ́ẹ̀ rèé, ọjọ́ tó jáde rèé. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kó wá dúró de ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Èmi náà ò fọwọ́ kàn án torí àna ni wá, mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ó pẹ́ o. Àwọn tó ń ṣe é ò gbowó, ẹ̀bẹ̀ tó wà níwájú wọn sì pọ̀. Nígbà tẹ́nì kan wá yọjú ó fara balẹ̀ gan-an. "Aṣáájú tí kò lẹ́gbẹ́" lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tà, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n rà á àtọdún tí wọ́n tà á. Iye owó yẹn, wọ́n fi ọdún sí i lára. Àkọlé "Ìwà jìbìtì" kúrò, àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ò kúrò, ó di gbólóhùn mẹ́ta lábẹ́ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fáktọ́rì náà, èsì ilé iṣẹ́ wà ńbẹ̀.

Gbólóhùn mẹ́ta yẹn ló ń dun àna mi yìí títí dòní. Mo ní ṣé ẹ mọ Toys "R" Us, ilé ìtajà ohun ìṣeré ọmọdé l'Amẹ́ríkà, KKR àti Bain Capital tí wọ́n ń ṣe private equity, pẹ̀lú Vornado tó ń ṣòwò ilé, rà á lọ́dún 2005, nǹkan bíi bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, gbèsè ló pọ̀ jù ńbẹ̀, ọrùn ilé ìtajà yẹn fúnra ẹ̀ ni gbèsè náà sì wà. September 2017 ó sá lọ sí kóòtù pé apá òun ò ká gbèsè mọ́, 2018 wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ l'Amẹ́ríkà pa. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé àwọn tó rà á nìkan ló pa á ò sọ òótọ́ tán, torí Amazon àti Walmart ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó bá sì kọ ti Amazon tí ò dárúkọ gbèsè, òun náà ń tàn wá ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fi ìyìn kan dí èébú kan o, bí àwọn ìwé ìròyìn tó ṣeé gbára lé bá ṣe sọ̀rọ̀ nǹkan tó ni kó gbàyè tó.

Àdùkẹ́ Ìpẹ̀rù

Ẹ ṣeun bọ̀dá. Èmi wà lápá kejì, èmi ni mò ń bá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ síta, ilé ní Ìpẹ̀rù ni mo ti ń ṣe é tí NEPA bá gbà fún wa. Wàhálà tèmi kì í ṣe búlọ́ọ̀gì, ìwé ìròyìn gan-an ni. Ọ̀gá mi kó ìwé ìròyìn mẹ́rin wá, ó ní ẹ̀rí rèé, lọ fi sí Wikipedia. Mo tẹ́ wọn síwájú mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan fò nínú orúkọ ọ̀gá nínú ìkéde tí ọ́fíìsì wa fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn, ó fò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Mo ní sà, ẹnu tiwa náà nìyí, mẹ́rin kọ́, ọ̀kan ni, kì í sì í ṣe tẹlòmíì. Àmì ẹ̀yẹ tó fẹ́ kí n tò síbẹ̀ ńkọ́, àwọn tó jẹ́ pé wàá kọ́kọ́ ra tábìlì kí wọ́n tó pè ọ́ jáde, mi ò tiẹ̀ dá a lóhùn.

Èyí tó máa ń rọrùn ni tí nǹkan bá ti dójú ọjà. Bíi Helios Investment Partners tí Tope Lawani àti Babatunde Soyoye dá sílẹ̀ ní 2004, nígbà tí Helios Towers, ilé iṣẹ́ òpó fóònù tí wọ́n dókòwò sí, wọ ọjà ìpín ìdókòwò Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 2019, oníròyìn tí ò bá wọn tan ló kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ẹni tó ni wọ́n. Actis, ilé iṣẹ́ private equity tó yà kúrò lára CDC, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 2004, General Atlantic ti Amẹ́ríkà ti rà á ní 2024, ojú-ewé tí ò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀ ti ń parọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan purọ́.

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ̀yin ń sọ tiyín. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró, kì í ṣe fáktọ́rì tẹ́ ẹ ń sọ yẹn o, òmíì ni. Wọ́n rà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ tò, títí dòní mi ò rí gíráchúìtì mi gbà pé. Mo kọ ọ́ sójú-ewé àwọn tó rà wá, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti yọ ọ́, mo dá a padà wọ́n tún yọ ọ́, wọ́n wá ń kìlọ̀ fún mi pé téèyàn bá dá nǹkan padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24 wọ́n lè ti àkáǹtì ẹ̀ pa. Wọ́n ní ìwé ìròyìn wo ló sọ ọ́? Mo ní èmi ló ṣẹlẹ̀ sí! Ìwé tí wọ́n fi lé mi wà nílé. Sístà Ìpẹ̀rù, ilé iṣẹ́ yín rí yín gbà síṣẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ síta, ta ló ń bá àwa sọ̀rọ̀ síta? Ẹ má sọ fún mi pé ìyẹn dọ́gba.

Ọmọ Mọ́lípa, Ìjẹ̀bú-Òde

Bọ̀dá Ṣàgámù, kò dọ́gba, mi ò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ tí wọ́n bá gba tiyín láìsí ìwé, ẹni tó bá ń bínú sí yín náà á kọ tiẹ̀, wọ́n á gbà á. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín ńkọ́? Tí wọ́n bá gbé e lọ sí National Industrial Court, oníròyìn máa ń wà ńbẹ̀. Tí ò bá sì dé kóòtù, ẹ kó ìwé yín lọ bá oníròyìn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tó máa pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n fèsì kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ tó bá jáde, ẹ má fọwọ́ kan ojú-ewé yẹn, ẹ gbé líǹkì ẹ̀ sójú-ewé ọ̀rọ̀, ẹ sọ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yín tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ pè mí. Èmi ò bá àwọn tiyín tan, mo lè fọwọ́ ara mi bá yín wò ó.

Ọmọ Ṣàgámù

Oníròyìn wo ló máa wá Ṣàgámù torí tèmi. Àmọ́ àwa tá a ní irú ìwé yẹn pọ̀ o. Màá pe alága wa.