Oògùn orí àbúrò mi ò jẹ́ kó lè jókòó mọ́

ỌmọKubwa: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, àbúrò mi ọkùnrin ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, a gbé e lọ sí ọsibítù kan l'Abuja níbí, wọ́n fún un ní haloperidol. Ohùn yẹn lọ o, ṣùgbọ́n kò lè jókòó mọ́, láti pálọ̀ dé kíṣìnnì títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó ní bí ìjàlọ ló ń rìn nínú ẹsẹ̀ òun. A padà lọ, wọ́n ní àìsàn ló ń le sí i, wọ́n bá fi kún oògùn, ló bá burú jùyẹn lọ. Màámi ní ká da gbogbo ẹ̀ nù ká gbé e lọ bá ààfáà n'Ílọrin.

Nọ́ọ̀sìLugbe: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ akathisia, ìyẹn kéèyàn má lè jókòó jẹ́ẹ́, oògùn yẹn gan-an ló máa ń fà á, wọ́n sì máa ń ṣì í mú fún àìsàn. Ẹ padà lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n á dín in kù tàbí pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n tún máa ń fi oògùn míì tó ń jẹ́ propranolol rọ̀ ọ́. Ẹ má dá haloperidol yẹn dúró lójijì. Tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

BàbáNyanya: Tèmi, nígbà tí wọ́n fún mi nírú oògùn yẹn, ọrùn ló yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo kọ̀mpáùn ní ayé ló ṣe mí 😂 abẹ́rẹ́ kan péré ló tú u.

ỌmọKubwa: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀la la ń lọ, Màámi ṣì ń kùn.