Ìpayà lásán ni, àbí iṣẹ́ ọnà? Ìbéèrè lórí fíìmù ẹ̀rù tó kọjá ààlà

Òǹwòran-Òru béèrè pé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti wo Martyrs, fíìmù ilẹ̀ Faransé tí Pascal Laugier ṣe ní ọdún 2008. Ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìtàn ẹ̀san: ọmọbìnrin kan tí wọ́n dá lóró nígbà tó wà ní kékeré wá àwọn tí ó gbà pé wọ́n ṣe òun níkà kàn nínú ilé wọn, ó sì yìnbọn pa wọ́n tọmọtọmọ. Ìyẹn yé mi. Ìdajì kejì ni kò jẹ́ kí n sùn, nítorí níbẹ̀ ni àwọn kan ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń lù ú léraléra, láìsọ̀rọ̀, láìbínú, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ oṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a dúró kí n tó lè wò ó tán.

Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé iṣẹ́ ọnà gidi ni. Ẹni tí a jọ wò ó ní tirẹ̀ sọ pé ìkà lásán ni, àti pé ẹni tó bá ń yìn ín ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ǹjẹ́ òṣùwọ̀n kan wà tí a lè fi mọ ibi tí ìpayà ti ń ṣiṣẹ́ fún ìtàn, àti ibi tí ó ti ń fi òǹwòran ṣe yẹ̀yẹ́? N kò béèrè bóyá kí ìjọba fòfin dè é o. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Agéfíìmù fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Iṣẹ́ gígé fíìmù àti títò ó pọ̀ ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ìdánwò tí mo máa ń lò kò ju ọ̀kan lọ: ẹ gé ìran tó ń bà yín lẹ́rù yẹn kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó wó lulẹ̀.

Nígbà tí Tobe Hooper gbé The Texas Chain Saw Massacre jáde ní ọdún 1974, àjọ BBFC tó ń yẹ fíìmù wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ, ó sì di ọdún 1999 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i láìgé ohunkóhun kúrò. Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù náà kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan kọ́ sórí ìkọ́ ẹran, a kò rí ibi tí ìkọ́ náà ti wọ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni a rí, igbe rẹ̀ ni a gbọ́. Àwọn ayẹ̀fíìmù kò rí ibi tí wọn ì bá gé kí ẹ̀rù náà fi dínkù, nítorí kò sí lójú kan, ó ti wọ ooru, ariwo àti ìdọ̀tí ilé náà bí epo ṣe ń wọ aṣọ.

Ẹ wá fi ìyẹn wé A Serbian Film tí Srđan Spasojević ṣe ní ọdún 2010. Ibi 49 ni àjọ kan náà ti gé e, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 11, wọ́n sì gbé e jáde, ìtàn náà sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Olùdarí rẹ̀ sọ pé àpèjúwe ìyà tí àwọn aláṣẹ fi ń jẹ àwọn ará ilẹ̀ òun ni. N kò ní pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n àpèjúwe tó jẹ́ pé ẹnu olùdarí ni a ti ń gbọ́ ọ, tí a kò rí i nínú iṣẹ́ rẹ̀, dà bí àlọ́ tí apàlọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túmọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sùn.

Ní ti Martyrs, ẹ gé lílù náà kúrò, ìparí rẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ tẹ̀. Àwọn tó ń dá ọmọbìnrin náà lóró ń wá ẹ̀rí ohun tó wà lẹ́yìn ikú. Ọmọbìnrin náà sọ ohun tó rí sí ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn létí. Ìyá náà gbọ́, ó yìnbọn pa ara rẹ̀, àwa kò sì gbọ́ nǹkan kan. A ti jókòó wo gbogbo ìyà yẹn nítorí pé a fẹ́ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìkà náà ṣe fẹ́ mọ̀.

Bá-mi-wò-ó fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Agéfíìmù, mo gbà pẹ̀lú yín dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ìdánwò yín kò béèrè ẹni tó san owó ìpayà náà. Nínú Cannibal Holocaust tí Ruggero Deodato ṣe ní ọdún 1980, àwọn ayàwòrán kan wọ inú igbó, wọ́n ń hùwà ibi kí àwòrán wọn lè dùn ún wò, fíìmù náà sì dá wọn lẹ́bi. Ikú àwọn ènìyàn yẹn dà bí òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fẹ̀sùn kan olùdarí náà ní Ítálì pé ó pa àwọn òṣèré rẹ̀, àwọn tó ti bá ṣàdéhùn pé kí wọ́n fara pamọ́ fún ọdún kan, ó sì di dandan kó mú wọn jáde láti fi hàn pé wọ́n wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìjàpá ńlá inú omi àti ọ̀bọ tí wọ́n pa lójú kámẹ́rà kú ní tòótọ́. Báwo ni fíìmù tó ń bú ẹni tó ń tàjẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwòrán ṣe máa tàjẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwòrán? Bó tilẹ̀ borí nínú ìdánwò àlùmọ́gàjí yín, n kò lè pè é ní iṣẹ́ rere.

Agéfíìmù fèsì pé:

Òótọ́ ni ẹ sọ. N kò rí èsì fún un.

Ajíròrò fèsì pé:

Ohun tí èmi máa ń wò ni àga tí fíìmù fún mi láti jókòó sí. Pier Paolo Pasolini, olùdarí fíìmù ará Ítálì, mú ìwé Marquis de Sade, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé àtijọ́, ó gbé e wá sí àkókò ìjọba Fáṣíìsì, ìjọba afipámúni, tó wà ní ìlú Salò ní Ítálì láàrin 1943 sí 1945, ó sì pe fíìmù náà ní Salò. Nígbà tí ìdálóró tó burú jù dé ní ìparí, kámẹ́rà kò sún mọ́ ọn. Inú yàrá òkè ni a wà pẹ̀lú àwọn ọ̀gá tó ń pàṣẹ ìdálóró náà, tí wọ́n ń gba àga lọ́wọ́ ara wọn lẹ́yìn fèrèsé, tí wọ́n ń fi awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá, tí igbe àwọn tí wọ́n ń dá lóró kò sì dé etí wa. Awò náà ni a ń gbà wò ó. N kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi ojú ara mi bá mi wí bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó kàn fẹ́ dẹ́rù bani yóò sún mọ́ ọgbẹ́ kí a lè rí i dáadáa; èyí fà sẹ́yìn, ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òǹwòran-Òru fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo padà lọ wo ìdajì kejì Martyrs lálẹ́ àná pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ yín lọ́kàn. Mo rí ohun tí n kò kíyè sí tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan, ojú fíìmù máa ń dúdú pátápátá, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tún ṣí, títí ó fi di pé n kò bẹ̀rù mọ́, ó kàn ń rẹ̀ mí. Mo rò pé olùdarí rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ti ń sún mọ́ ọ̀nà Agéfíìmù.

Mo sọ fún ẹni tí a jọ kọ́kọ́ wò ó. Ó ní òun kò yí ọ̀rọ̀ òun padà, ó wá bi mí pé: nígbà tí o ti mọ̀ pé wọn kò ní sọ ohun tó rí fún ọ, kí ni o tún lọ jókòó wò lẹ́ẹ̀kejì? N kò tíì dá a lóhùn.