Rẹ́jísírì ni wọ́n ti ṣègbéyàwó: ṣé kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ìdána, àǹtí mi àti ọkọ wọn tún ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì l'Ékòó. Ó ti lé ní ọdún 2 tí kálukú ti ń gbé lọ́tọ̀. Ẹbí ní kí wọ́n dá owó orí padà, kí kóòtù ìbílẹ̀ sì fún wọn níwèé. Ṣé ìyẹn tó? Ọmọ 2 ló wà láàárín wọn, kò sì sówó lọ́yà.

ÌwéÒfin: Kò tó rárá. Ìgbéyàwó tí wọ́n fi Marriage Act, ìyẹn òfin ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ṣe, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká, lábẹ́ Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ìyẹn òfin tó wà fún ìkọ̀sílẹ̀. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ lè ní òǹtẹ̀ lára o, síbẹ̀ ìgbéyàwó rẹ́jísírì yẹn wà digbí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, òfo ni lójú òfin, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún ni wàhálà rẹ̀ máa ń jáde.

Kóòtù fẹ́ mọ̀ pé ìgbéyàwó náà ti dàrú kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà 8 ni òfin là sílẹ̀ láti fi èyí hàn. Ti àǹtí yín, gbígbé lọ́tọ̀ ló rọrùn jù: ọdún 2 bí ọkọ ò bá ta kò ó, ọdún 3 bó tilẹ̀ ta kò ó. Iye ọdún yẹn gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Bí wọ́n bá ti padà gbé pọ̀ láàárín rẹ̀ fún àkókò tí kò ju oṣù 6 lọ, kò bà á jẹ́, àmọ́ wọn ò ní ka oṣù yẹn mọ́ ọn.

Olùbéèrè: Ọkọ ní òun ò ní ta kò ó. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu tó?

Akọ̀wéKóòtù: Kí lọ́yà gbà á sílẹ̀ lákọsílẹ̀. Kí wọ́n sì kó ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, àti ohun tó fi ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò hàn, bí ìwé àdéhùn ilé tí wọ́n háyà.

Àdírẹ́sì ọkọ ló máa ń dá ẹjọ́ dúró jù. Bélífù, ìyẹn ìránṣẹ́ kóòtù, gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹjọ́ lé e lọ́wọ́. Bí wọn ò bá rí i, ẹjọ́ ò ní kúrò lójú kan, àfi kí lọ́yà gba àṣẹ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tàbí láti fi jíṣẹ́ lọ́nà mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ fáwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ pátá: ọ̀dọ̀ ta ni wọn á máa gbé, ta ló ń san owó ilé ìwé. Bí ọmọ ò bá tíì pé 16, ìdájọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn decree nisi, kò ní di absolute, ìyẹn ìdájọ́ ìkẹyìn tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá, títí ètò lórí ọmọ á fi tẹ́ adájọ́ lọ́rùn. Bí kò bá sí ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù 3 ló máa ń di absolute. Kó tó di absolute, kí ẹnikẹ́ni má lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Alágbàwí: Ní ti owó, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin. Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń parí aáwọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ láìgba kọ́bọ̀. Wọn ò lè tú ìgbéyàwó ká, àmọ́ àdéhùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀ á dín àríyànjiyàn kù ní ilé ẹjọ́ gíga.

Bí lílù bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má jókòó ìpẹ̀tù kankan. Òfin Èkó ti ọdún 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé fàyè gba àṣẹ ààbò láti kóòtù, kódà bí wọn ò bá tíì pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀.