Agbára mélòó ló wà nínú wáyà kan? Lórí fóltì, ìṣàn àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ojú omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe kọ ìtọ́ni fún ẹni tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kékeré, irú Raspberry Pi, sínú ọkọ̀ ojú omi, kó lè máa fi wo àwòrán ojú omi, ìyẹn máàpù tí atukọ̀ fi ń mọ̀nà, kó sì máa fi gba àmì rédíò tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fi ránṣẹ́. Gbólóhùn tó dá awuyewuye sílẹ̀ nìyí: “Fún kọ̀ǹpútà ní agbára tó péye láti inú agbára bátìrì, kí o sì ṣọ́ra kí agbára má pọ̀ jù.” Ẹni tó kọ ọ́ ní òun fi “agbára” sí gbogbo ibẹ̀ torí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kò ṣàjèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú wáyà dání, tó ń ka gbólóhùn yìí, kí ni kó ṣe?

Agbára àkọ́kọ́ yẹn, wáàtì ni. Èkejì ni ohun tí bátìrì kó pamọ́ sínú. Ẹ̀kẹta ni fóltì. Bí fóltì bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á jóná lójú ẹsẹ̀, torí fóltì 5 ni wọ́n ṣe é fún, bátìrì ọkọ̀ sì jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n bí áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, tí ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpútà ní iná lè mú wá bá pọ̀ jù, kò sí ewu kankan. Ìwọ̀nba tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ló máa fà. Nítorí náà, “kí agbára má pọ̀ jù” jẹ́ òótọ́ fún fóltì, irọ́ sì ni fún áńpù. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè lọ ra ẹ̀rọ tí kò lè mú ju áńpù 1 wá, kó ní òun ń ṣọ́ra, nígbà tí Raspberry Pi 4 ń bèèrè 3.

Kì í ṣe àwọn atúmọ̀ èdè nìkan ló ni ẹ̀bi. Gbogbo wa la máa ń sọ pé “háàfù kọ́rẹ́ǹtì” ni wọ́n mú wá nígbà tí gílóòbù bá ń tàn bàìbàì, bẹ́ẹ̀ fóltì ló já wálẹ̀.

Àbá kan ní kí á pe fóltì ní “ìfúnpá”. Ìfúnpá tí etí èmi mọ̀, oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá ni. Àbá mìíràn ní “ìtì iná”, ìyẹn náà sì ń mú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sọ́kàn. Mo fara mọ́ “ìtaari”: ohun tó ń taari iná gba inú wáyà kọjá. Ohun tó ń kọjá ni “ìṣàn”. Àwọn méjèèjì, bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, ni “agbára”, kí á sì fi agbára mọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fóltì, áńpù àti wáàtì máa jẹ́ orúkọ òṣùwọ̀n lọ. Wọ́n ti di tiwa.

Ní ti “fífún kọ̀ǹpútà ní agbára”, kí ló dé tí à ń wá ohun tó wà nílé lọ sóko? Gbogbo ẹni tó ti ra ínfátà rí ló mọ̀ ọ́n sọ: “Ṣé ó lè gbé fíríìjì?” Gbé ni ọ̀rọ̀ náà. Bátìrì ló ń gbé kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí tún ń mú ìṣirò rọrùn, torí kò sẹ́ni tó máa gbé nǹkan láìbèèrè bó ṣe wúwo tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 5 láti àárọ̀ dàárọ̀ á jẹ wáàtì-wákàtí 120, ìyẹn áńpù-wákàtí 10 lára bátìrì fóltì 12, láìtíì ka ohun tó ń ṣòfò lọ́nà. Ẹni tí bátìrì olómi ásíìdì rẹ̀ jẹ́ áńpù-wákàtí 100, tí kò sì fẹ́ kó tètè bàjẹ́, kò ní lò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀ ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń sọ 12 di 5. “Adínfóltìkù” ni ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí. Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan ṣoṣo sì ni orúkọ yẹn bá mu. Ti àtijọ́, irú 7805, ń dín in kù lóòótọ́: nínú fóltì 12, á mú 5, á sọ 7 di ooru, débi pé ara rẹ̀ kò ní ṣeé fọwọ́ kàn. Ti òde òní ń tan iná, ó ń pa á, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í dà púpọ̀ nù. Wáàtì 15 ni kọ̀ǹpútà tó ń lo fóltì 5 àti áńpù 3 ń jẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá ń dá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún padà, áńpù 1.4 péré ló máa fà lára bátìrì. Ìtaari dín, ìṣàn pọ̀, agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Èwo nínú ọ̀rọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi ṣẹ́ owó yìí! Owó ńlá kan wọlé, wẹ́wẹ́ púpọ̀ jáde, ẹni tó ṣẹ́ ẹ sì yọ owó iṣẹ́ kékeré. “Aṣẹ́fóltì” ni mo pè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, pé ó fi ẹ̀gbẹ́ kan aṣẹ́wó. Ẹ rín tán, kí ẹ wá mú èyí tó sàn jù wá.

Kí aṣẹ́fóltì tí a bá rà sì gbà ju 12 lọ. Orúkọ lásán ni 12 yẹn: bátìrì tó kún máa ń tó 12.7, á gòkè dé 14.4 nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀, ó sì lè já sísàlẹ̀ 10 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ ta. “Fóltì orúkọ” àti “fóltì gidi” tó fún èyí.

Ohun kan wà tó máa ń hàn ní igun òkè ojú kọ̀ǹpútà náà: àmì mànàmáná kékeré, aláwọ̀ òféèfèé. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i á rò pé iná pọ̀. Rárá o, ìtaari ló ti já sísàlẹ̀ 4.63. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ló sábà máa ń fà á. Wọ́n túmọ̀ èyí sí “ìsọ̀kalẹ̀ fóltì nínú okùn”, àmọ́ oníṣẹ́ iná á sọ fún yín pé wáyà ló jẹ ẹ́. “Ìjẹ wáyà” ti tó. Bí wáyà bá jẹ fóltì 0.45 nínú 5, 4.55 ló kù, mànàmáná ti yọ nìyẹn. Bí ìwọ̀n kan náà bá lọ nínú 12, aṣẹ́fóltì kò ní mọ̀ pàápàá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé 12 rìn nínú wáyà gígùn, tí a sì ń gbé aṣẹ́fóltì sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

Fíúsì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Aláàbò kọ̀ǹpútà” tí ẹnì kan dá lábàá kò tọ̀nà, torí wáyà ló ń dáàbò bò, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ló sì ń gbé.

Ó wá ku rédíò. Aṣẹ́fóltì tí kò dára máa ń pariwo sínú rédíò nítorí títàn-pípa rẹ̀ yẹn. Àwọn kan kò fẹ́ “ariwo” níbẹ̀ torí pé etí kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọkọ̀ tó jìnnà ló kàn ń pòórá lójú àwòrán. Èmi ní kí ariwo dúró. Ohun tó bo ohùn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ariwo ni. Ẹ gbé aṣẹ́fóltì jìnnà sí áńtẹ́nà, kí ẹ sì fi òrùka féráìtì, tó ń dín irú ariwo bẹ́ẹ̀ kù, sí wáyà rẹ̀.

“Asọ̀rọ̀mágbèsì” kò sì bá gbogbo rédíò inú ọkọ̀ mu. Èyí tí atukọ̀ fi ń pe ẹlòmíràn lórí ìkànnì 16, ní 156.8 MHz, ń gba èsì dáadáa. Èyí tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà láti gba àmì AIS ní 161.975 àti 162.025 MHz, tó ń sọ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tó wà àti ibi tó dojú kọ, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Gbígbà ni tirẹ̀. “Agbàmáfèsì” ni mo fẹ́ kí á kọ sínú ìtọ́ni, torí pé àwọn tó ń lò ó máa ń gbàgbé pé bí àwọn ṣe ń rí gbogbo ọkọ̀ lójú àwòrán, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò rí àwọn.