Gídà àwọn obìnrin Punjab: ṣé ijó ni àbí eré?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a óò máa pe giddha (tí èmi ń kọ ní “gídà”) ní Yorùbá. Eré àwọn obìnrin ilẹ̀ Punjab ni, ní àríwá Íńdíà àti ní apá tó bọ́ sí Pakístàn nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì ní 1947. Àbá méjì ló ti wọlé. Èkíní ni “ijó àtẹ́wọ́”. Èkejì, tí ìyá wa kan tó ti pẹ́ nídìí lítíréṣọ̀ alohùn mú wá, ni “ẹkún ìyàwó àwọn ará Punjab”. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mú un wá, ṣùgbọ́n n kò gbà pé èyíkéyìí nínú méjèèjì gbé ohun tí àwọn obìnrin náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí eré náà ṣe ń lọ. Àwọn obìnrin á pagbo, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn á dá bólì, ìyẹn ẹsẹ orin tó lè kúrú tàbí kó gùn, tó sì ń sọ ohun kan pàtó. Bó bá ti dé ìparí rẹ̀, gbogbo agbo á gba ìlà ìkẹyìn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á máa kọ ọ́ ní àkọtúnkọ, àtẹ́wọ́ á yára sí i, obìnrin méjì á sì bọ́ sáàárín láti jó o. Nígbà tí orin náà bá rọlẹ̀, àwọn méjì yẹn á padà sí àyè wọn, ẹlòmíràn á sì dá tirẹ̀. Ìlù kékeré tí wọ́n ń pè ní dholki lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí, nítorí àtẹ́wọ́ nìkan ti tó wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń jó títí ọ̀rọ̀ yóò fi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹnì kan. Kódà, inú ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí “sọ̀rọ̀” ni orúkọ bólì ti jáde ní èdè wọn. Ohun tó bà “ijó àtẹ́wọ́” jẹ́ lójú tèmi nìyẹn: ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó fi ẹnu sílẹ̀.

Ẹnu yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ìyá ọkọ tó le, arábìnrin ọkọ tó ń ṣọ́ni, ọkọ tó wọṣẹ́ ológun tí kò wálé, gbogbo wọn ni bólì máa ń kàn lára. (Punjab wà lára ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó sójà jù lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìjọba lé Íńdíà lórí, nítorí náà kì í ṣe àròsọ lásán ni ọkọ tó wà lójú ogun jẹ́ nínú orin wọn.) Ohun tí ìyàwó ilé kò jẹ́ sọ lójú àna rẹ̀, ó lè kọ ọ́ lórin nínú agbo, kí gbogbo agbo sì gbè é. Àkókò tí èyí máa ń rinlẹ̀ jù ni oṣù Sawan, ìgbà òjò tó bọ́ sí àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Teeyan. Àṣà wọn ni pé abúlé mìíràn ni wọ́n máa ń fi ọmọbìnrin fún. Nígbà ọdún yìí, àwọn ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ á padà wá sílé bàbá wọn, wọ́n á so okùn jangirọ́fà mọ́ igi ńlá, wọ́n á sì ṣe gídà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà. Ará ilé ọkọ kò sí nítòsí tí yóò gbọ́.

Níbí ni “ẹkún ìyàwó” ti jábọ́. Ọmọge tó ń sun ẹkún ìyàwó ń jáde nílé ni; ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, ó ń tọrọ ìre, ẹ̀rù ibi tí kò tíì dé sì ń bà á. Ẹni tó ń dá bólì nígbà Teeyan ti débẹ̀, ó ti rí i, ó sì ti padà wá ròyìn. Bí a bá ń wá ìbátan bólì láàárín tiwa, orin tí àwọn ìyàwó ilé fi ń bára wọn wí láìdárúkọ ni n óò mú, orin òrogún sì jẹ́ ẹ̀ka kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èyí náà kò kárí rẹ̀ tán, nítorí bólì tún ń yin arákùnrin ẹni, ó ń ṣàfihàn ìfẹ́, ó sì ń fi ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n dì mọ́ irun yangàn. Gídà kò sì mọ sí ọdún Teeyan nìkan, wọ́n ń ṣe é níbi ìgbéyàwó pẹ̀lú.

Àbá mi ni pé kí á lo “eré”, kí á má lo “ijó”. Nínú èdè wa, eré gba orin, ó gba ewì, ó gba ijó, ó sì gba ìpàdé àwọn tó ń ṣe é. Àwọn tó ni ín pàápàá kì í sábà fi ọ̀rọ̀-ìṣe “jó” bá giddha rìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń sọ pé a fi nǹkan síbì kan ni wọ́n ń lò fún un. “Ṣe gídà” á bá a mu ju “jó gídà” lọ.

Ẹnì kan tún ní kí “obìnrin” wọ inú orúkọ náà. N kò fara mọ́ ọn, nítorí ní agbègbè Malwa ní ilẹ̀ Punjab, àwọn ọkùnrin ní gídà tiwọn tí wọ́n ń fi ohun èlò orin ṣe. Inú àlàyé ni kí “obìnrin” wà.

Ní ti bí a óò ṣe kọ ọ́, èdè olóhùn ni Punjabi, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Lẹ́tà h tó wà láàárín giddha kì í ṣe èémí mọ́ lẹ́nu wọn. Ohùn òkè ló ti dà lórí fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà “gídà” tọ̀nà ju “gidihá” tí ẹnì kan kọ lọ.

Mo yan “dá bólì” dípò “sun bólì”, nítorí “sun” á tún fa ẹkún ìyàwó wọlé. Èyí tó kù tí n óò fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni “ẹlégbè”, fún àwọn tó ń gba ìlà ìkẹyìn bólì kọ. Nínú agbo gídà, ipò náà kì í dúró sára ẹnì kan: ẹni tó gbè báyìí lè jẹ́ ẹni tí yóò jó láìpẹ́, òun náà sì lè dá bólì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó gbé èyí jù ú lọ, ẹ mú un wá.