Ìyá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ní kí wọ́n wọ inú ìwádìí. Ṣé kí wọ́n gbà?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Houston ni mo ń gbé, Màmá sì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ṣúgà sì ti wà lára wọn tipẹ́. Òkúta wà nínú àpò òróòro wọn, wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ fún wa.

Ibi tó ti wá ta kókó nìyí: Màmá ń gba abẹ́rẹ́ ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní Ozempic lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà ní abẹ́rẹ́ náà máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, pé ṣúgà fúnra rẹ̀ náà lè fa irú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ń ṣe ìwádìí lórí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á fi síkáànì wo ikùn Màmá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìwé gbọọrọ kan pé ká lọ kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ti pariwo lórí fóònù pé kò sóhun tó jọ ọ́, òyìnbó kankan ò ní fi ìyá òun kọ́ṣẹ́. Màmá ní tiwọn ò tíì dá sí i. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá àwọn lè mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí wọn kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láì jẹun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹ̀bi o. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ṣé ẹ rántí Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn jà? Ilé iṣẹ́ apòògùn Pfizer gbé oògùn tuntun kan, Trovan, wá, ọmọdé 200 ni wọ́n kó sínú ìwádìí náà, 11 kú nínú wọn. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fáwọn pé ìwádìí ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi, síbẹ̀ lọ́dún 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ọ̀rọ̀ àwọn àti ìpínlẹ̀ Kano lè parí. Ẹni tó bá ń fura kì í ṣe òpè.

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀. Ní Kano, oògùn tuntun ni wọ́n fún àwọn ọmọ mu. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé eléyìí, wọn ò fún Màmá ní nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ wo ikùn wọn ni. Irú síkáànì aláboyún náà ni, wọ́n á fi jẹ́lì tútù pa wọ́n níkùn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, ó tán.

Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já wa láyà níbẹ̀. Ẹni tó lajú sílẹ̀, tí omi bá ṣì lọ́nà lọ́fun ẹ̀, á wúkọ́. Ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun ò lè wúkọ́. Tí nǹkan bá wà níkùn ẹ̀, ó lè rú sókè, kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, tòun ti omi kíkan inú ikùn. Dókítà Mendelson kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 1946. Ó wo àkọsílẹ̀ ìbímọ tó lé ní 44,000 ní ilé ìwòsàn kan ní New York, ó sì rí ìyá 66 tó ṣẹlẹ̀ sí. Látìgbà yẹn ni òfin "má jẹun wá" ti le sí i.

Òfin tí wọ́n ń lò lónìí ni pé omi lásán, ó kéré tán wákàtí 2. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, 6. Oúnjẹ ọlọ́ràá, 8. Ikùn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀. Ṣúgà tó bá ti pẹ́ lára lè ba iṣan tó ń pàṣẹ fún ikùn jẹ́. Ẹ wá fi Ozempic lé e. Èèyàn lè ti gbààwẹ̀ látàná, kí ìrẹsì alẹ́ àná ṣì jókòó síbẹ̀.

Ní Houston yín níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí kan tó jáde lọ́dún 2024. Èèyàn 124 ni, ìdajì ń gba irú abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bíi ti Màmá yìí, ìdajì ò gbà á. Síkáànì rí ohun tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ikùn èèyàn 35 nínú 62 àwọn tó ń gbà á. Lára 62 tí kò gbà á, 12 péré ni. Kì í ṣe pé nǹkan wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn o. Ohun tó wà níkùn ni wọ́n kà.

Ìyá Bọ́lú
Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí Màmá fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ má sì sọ fún àwọn dókítà pé Màmá ń lò ó rárá. Tí ẹ bá sọ, wọ́n á kàn sún ọjọ́ síwájú ni.

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Háà, Ìyá Bọ́lú! Ẹ dákun, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nírú ìmọ̀ràn yẹn mọ́. Tí wọ́n bá ṣe ọ̀sẹ̀ kan láì gbà á, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára. Ṣúgà sì lè fò sókè. Òótọ́ ni pé ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunilóorun ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa dá a dúró lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn àtàwọn ẹgbẹ́ dókítà mìíràn jọ sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa lò ó lọ. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kún oògùn wọn, tàbí tí inú ń rìn. Wọ́n lè ní kí irú wọn máa mu olómi nìkan fún wákàtí 24 ṣáájú, kí wọ́n sì fi síkáànì wo ikùn wọn. Tí àwọn dókítà bá mọ̀, wọ́n á mọ bí wọ́n á ṣe kun Màmá lóorun, wọ́n á tètè ti ọ̀pá sí ọ̀nà èémí kí nǹkan má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tí wọn ò bá mọ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ó ti pẹ́ tí inú Màmá máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á máa gùfẹ̀ ọbẹ̀ àná lọ́sàn-án òní. A rò pé àgbà ni.

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ pe ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́. Yálà wọ́n wọ ìwádìí o, wọn ò wọ̀ ọ́ o, dókítà tó máa kùn wọ́n lóorun gbọ́dọ̀ gbọ́.

Àkànní London
Mo ti wà nínú ìwádìí rí níbí. Ìbéèrè tí mo máa bi wọ́n ṣáájú gbogbo ẹ̀ ni: tí síkáànì bá rí oúnjẹ, ṣé ẹ máa sọ fún dókítà tó máa kùn wọ́n lóorun lójú ẹsẹ̀? Torí àwọn ìwádìí kan wà tí wọ́n máa ń fi èsì pa mọ́ fún dókítà. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, èmi ò ní jẹ́ kí ìyá mi wọ̀ ọ́, ká má parọ́. Ẹ tún béèrè ẹni tó máa sanwó síkáànì náà, àti bóyá wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Màmá lè jáde nínú ìwádìí nígbà tó bá wù wọ́n, ìyẹn ò sì gbọdọ̀ ba ìtọ́jú wọn jẹ́. Ó yẹ kó wà nínú ìwé yẹn.

Ìwọ kọ́ lo máa buwọ́ lùwé o, àbúrò, ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ sì ni. Màmá ni. Ní kí ilé ìwòsàn bá yín wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ògì. Tó bá ṣàn dáadáa, ṣé kì í ṣe omi ni?

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Oúnjẹ ni. Ẹ bu nǹkan náà sínú gíláàsì, tí ẹ ò bá rí ìka yín lódìkejì, ẹ má pè é ní omi. Tíì tí kò ní mílíìkì ò burú, àmọ́ tíì onímílíìkì ti di oúnjẹ. Àgbo náà, kí wọ́n má mu ún, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ń mu ún. Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ, kí dókítà tọ́ka èyí tí Màmá á fi omi díẹ̀ gbé mì àtèyí tí wọ́n á fò lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Omídùn ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ìjẹ̀ṣà, o ti mú wàhálà ẹ dé. Rárá.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Mo ti pe àwọn oníwàádìí. Wọ́n ní lójú ẹsẹ̀ ni dókítà máa gbọ́ èsì, kò sì sí gbígba ẹ̀jẹ̀. A ti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ògbufọ̀. Mo fún Màmá ní fóònù kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ Màmá ní kí n bi yín pé obì tí àwọn máa ń jẹ láàárọ̀, ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ, àbí?

Àbẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ tètè gba obì yẹn lọ́wọ́ wọn láti alẹ́.